Mo Ti Yó, Ẹ Ṣé

"Ẹ wò mí dáadáa! Láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti dá, oúnjẹ kankan kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá! Afẹ́fẹ́ ni mò ń jẹ. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá la ẹnu sí ìlà-oòrùn, màá gbé ìtànṣán oòrùn mẹ́ta mì, ó parí! Èyí tí mi ò bá lè jẹ tán, ewúrẹ́ àdúgbò ni mo máa ń fún. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń sanra?"

Ìdí ẹ̀rọ omi tó wà láàárín àgbàlá ni ọkùnrin náà dúró sí. Ó káwọ́ lé ìbàdí, ó na ikùn síwájú bí ẹni pé ikùn náà fẹ́ lọ bọ àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ kí ẹni tó ni ín tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ikùn kan rèé! Bí ó bá wọ yàrá láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí ìyókù ara tó wọlé tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin tó tò sídìí omi gbé korobá wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín.

"Jẹ-Díẹ̀!" ni aránbàtà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì ké sí i. "Afẹ́fẹ́ wo ló ń ṣe irú ikùn báyìí? Ẹ júwe rẹ̀ fún mi, kí èmi náà lọ la ẹnu sí i."

"Ìmọ̀ ló wú níbẹ̀," ni Jẹ-Díẹ̀ dáhùn. "Gbogbo ìwé tí mo ti kà ni."

"Ìwé náà mà lọ́ràá o!"

Òǹkọ̀wé oúnjẹ ni Jẹ-Díẹ̀, ara orúkọ ìwé rẹ̀ sì ni àdúgbò ti fún un ní orúkọ yẹn. Nígbà tí oúnjẹ ṣì pọ̀ nílẹ̀, ó kọ *Jẹ Àjẹyó*, ìwé tó nípọn tó fi jẹ́ pé ọmọ tó bá gbé e lọ sílé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní láti gbé ọmọ náà padà wálé. Nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, ó kọ *Jẹ Díẹ̀ Kí O Pẹ́*. Ìyẹn fúyẹ́ díẹ̀. Ní báyìí tó jẹ́ pé ààwẹ̀ àti àdúrà la fi ń ra ẹyin, *Ebi Dára* ló ń kọ lọ́wọ́. Bí oúnjẹ ṣe ń wọ́n sí i ni ìwé rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Ikùn rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ ìròyìn ọjà.

Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé níbi tó ti ń ránṣọ. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nínú àgbàlá yẹn. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo jókòó lórí òkìtì àjákù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òwúrọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ọmọ náà bí ẹni tó ti roko dé.

Ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ohun tó ń dun ìyá náà gan-an nìyẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ lọ́sàn-án, abọ́ yẹn nìkan ló sì kù tó ń gbé ẹ̀mí ọmọ náà ró. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá sí ilé wọn lónìí. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ti sú Ọ̀gá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tí wọ́n máa fi ti ilé ìdáná pa, ni wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń kọ ìwé tó ní ebi dára. Bí Ọ̀gá bá fi ojú rẹ̀ rí i pé ebi ti sọ ilé òǹkọ̀wé di ilé ìlera, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gba ìwé náà dípò ìrẹsì. Nítorí náà ni Jẹ-Díẹ̀ ṣe ní kí ọmọ jókòó sílé, kí àlejò lè rí i.

Ó wọlé, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Ṣé kò sẹ́ni tó dáná?"

"Kí la fẹ́ fi dáná ọ̀hún sè?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í láìgbójú sókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí Ọ̀gá bá gbóòórùn ọbẹ̀ nínú ilé yìí, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

"Bàbá Ọmọ, ẹ jọ̀ọ́. Omi ni ọmọ yìí mu sùn lánàá. Ẹ jẹ́ kó sáré lọ sílé-ẹ̀kọ́, kó jẹ ìrẹsì ọ̀sán yẹn, kó padà wá."

"Ilé-ẹ̀kọ́ kẹ̀? Òun gan-an ni ẹ̀rí! Èmi ni mo kọ ọ́, òun ni wọ́n máa wò." Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fajú ro bí ẹni tó rí àṣìkọ nínú ìwé. "Ó kàn jẹ́ pé ó rí bákan. Wá nǹkan fi sí aṣọ rẹ̀."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ṣebí àjákù kún ilẹ̀ níbí. Rọ ọ́ sí i lápá, rọ ọ́ sí i nídìí, kí ó kún. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin aránṣọ lẹ máa ń sọ ẹni tí kò nídìí di onídìí lọ́jọ́ ìyàwó?"

Àlùmágàjí dúró lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ẹ fẹ́ kí n fi àkísà bọ́ ọmọ."

"Mo fẹ́ kí o ràn mí lọ́wọ́ ni! Àbí ìwọ ni ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́? Bí ìwé yìí bá wọlé, gbogbo wa la jọ máa jẹ ẹ́."

"Kí la máa jẹ? Ṣebí ẹ ní ebi dára."

Láti orí ẹní tó wà ní kọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà wúkọ́. Ìyá tó bí Jẹ-Díẹ̀ lọ́mọ ni. Ó ti gbẹ débi pé bí ó bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹní ni ènìyàn máa kọ́kọ́ kí.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà."

Inú Jẹ-Díẹ̀ dùn. "Ẹ gbọ́ Màmá! Màmá mọ bí a ṣe ń bo àṣírí ilé!"

"Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Mo ní ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà. Ọbẹ̀ ọ̀hún dà?"

Jẹ-Díẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wọ yàrá ìkọ̀wé rẹ̀, ó fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn láti inú. Láìpẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: kà-kà-kà-kà-kà! Ẹ̀rọ àtijọ́ kan báyìí ni, ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ lórí páànù, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni Jẹ-Díẹ̀ sì fi ń lù ú. Ìyàwó rẹ̀ mọ ohùn rẹ̀ bí ó ti mọ ohùn maṣíìnì tirẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ní àwọn ọ̀sán mìíràn, ohùn náà máa ń yí padà. Á di kà... kà... kà, bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti bi ọkọ rẹ̀ rí pé kí ló ń fa èyí. "Ìrònú ni," ni ìyẹn dáhùn. "Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í sáré." Obìnrin náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ó fa ọmọ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àjákù mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù ló ṣà. Ó fi pupa sí apá, ó fi aláwọ̀ ewé sí ìbàdí, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹran wà ló ń fi aṣọ dí.

"Màmi, ṣé mo ti sanra?"

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu òun.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì fi kan ilẹ̀kùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó di búrẹ́dì kan mọ́ abẹ́ apá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin Ìyá Àgbà, ẹ kú ìsinmi. Èé ṣe tí ọmọ yìí ò fi lọ sílé-ẹ̀kọ́?" Ó di ọmọ náà lápá mú, ìka rẹ̀ sì rì sínú aṣọ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìrọ̀rí. "Haà! Apá kí lèyí?"

 Ó fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sílẹ̀, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Ọmọ, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Gbà, ọmọ mi, jẹ búrẹ́dì."

Ọmọ náà wo búrẹ́dì. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀kùn yàrá tí ariwo kà-kà-kà ti ń jáde. Gbogbo wọn rí i bí gògóńgò rẹ̀ ṣe lọ sókè tó padà wálẹ̀.

"Mo ti yó, ẹ ṣé, mà."

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló dáhùn.

"Ó dáa," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ ti le. "Mo fi í sílẹ̀ síbí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, torí náà mi ò ní bá yín jà títí ọmọ yìí á fi jẹun. Tó bá jẹun tán, a máa jà."

Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tán tí ilẹ̀kùn yàrá ìkọ̀wé fi ṣí. Bí ẹnì kan bá ń sunkún nínú ilé yẹn, Jẹ-Díẹ̀ kì í gbọ́, ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì bá balẹ̀, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ.

"Kí nìyí? Kí Ọ̀gá wá bá búrẹ́dì nílé mi? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó já búrẹ́dì gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ. "Màá bá yín gbé e pamọ́."

Ó wọlé padà, ìkọ́ há. Kà-kà-kà-kà. Kà-kà. Lẹ́yìn náà, kà... kà... kà.

Obìnrin náà gbé orí sókè. Ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sídìí abẹ́rẹ́.

Nígbà tí oòrùn kàn tàrí ni Ọ̀gá Alábòójútó dé, ó ń fi igi ìtayín họ ẹran kúrò láàárín eyín. Ìjókòó kan ṣoṣo tó dáa nínú ilé ni wọ́n fún un. Ìjókòó náà ké, ó sì dákẹ́.

"Ẹ kú ilé o. A ti gbọ́ ìròyìn yín. Tòótọ́ ni mò ń sọ, ìrẹsì tí à ń dà sínú àwọn ọmọ yẹn ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á máa sùn nínú kíláàsì! Ìwé yìí ló máa gbà wá."

Ọkùnrin tó yó fúnra rẹ̀ ń tòògbé bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ọ̀gá mi!" Jẹ-Díẹ̀ ti jáde sí i, ó dọ̀bálẹ̀ débi tí ikùn gbà á láyè, tó túmọ̀ sí pé ó tẹrí ba. "Ẹ wo ọmọ mi. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Lọ́jọ́ tí mo ní kó má jẹun mọ́, ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lóṣù tó kọjá, a ní láti gbé òrùlé sókè. Ìyá mi nìyẹn lórí ẹní. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlànà mi, kò lè rìn. Ní báyìí, ó ń fò fẹ̀ǹsì!"

Ìyá Àgbà la ojú kan. Ó tún pa á dé.

"Ó ga o," ni Ọ̀gá wí. "Ìpín tó kẹ́yìn nínú ìwé náà dà? Mo fẹ́ mú un lọ báyìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ìdáná mọ́ nílé-ẹ̀kọ́ kankan."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lu ìyá ọmọ láyà bí òkúta. Ó la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó pa ẹnu dé.

"Ojú-ìwé kan ló kù, Ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré parí rẹ̀."

Ilẹ̀kùn tì, ìkọ́ há. Kà-kà-kà-kà!

Ọ̀gá yọ fóònù láti ya àwòrán. "Ìwọ ọmọ, wá sídìí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Rẹ́rìn-ín. Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti yó, ẹ ṣé, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Yí ẹ̀yìn padà kí n rí i."

Ọmọ náà yí padà. Okùn kan já níbi ìbàdí, àjákù aláwọ̀ ewé yọ orí jáde. Ọmọ náà rí i, ó fi ọwọ́ bò ó kíá, ó sì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó fọ́ àwo. Orúnkún rẹ̀ ká. Ó ṣubú, kò sì dún, torí kò sí nǹkan kan nínú aṣọ yẹn tó wúwo débi tí yóò dún. Àjákù ya jáde láti ọrùn, láti apá, pupa, aró, olódòdó, wọ́n fọ́n ká ilẹ̀.

Ọ̀gá fò dìde lórí ìjókòó. "Yéè! Kí ló ń jáde lára rẹ̀?"

"Ọmọ mi! Ẹ gbà mí o! Nọ́ọ̀sì!"

Nọ́ọ̀sì ti wọlé kí igbe náà tó parí. Ó gbé orí ọmọ náà lé itan, ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́. "Ebi ni. Ebi pọ́nńbélé ni! Ẹ bá mi wá nǹkan dídùn, ṣúgà, mílíìkì, ohunkóhun tó bá wà!"

Ìyá ọmọ sáré dé ibi ìkóunjẹsí. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Agolo òfìfo kan wà níbẹ̀ tí aláǹtakùn ti gbé ilé kọ́ sí. Ó dúró síbẹ̀, ó di agolo náà mú, ilé sì pa lọ́lọ́.

Kà...

Kà...

Ohùn yẹn kò dúró. Ọmọ ṣubú, ìyá kígbe, àlejò fò sókè, ohùn yẹn kò dúró. Obìnrin náà gbọ́ ọ bí ẹni pé òní ni etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kì í ṣe ìrònú.

"Ọwọ́ kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́," ó wí.

"Kí lẹ sọ?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọwọ́ kan ni. Ọwọ́ kejì ńkọ́?"

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbá a. "Bàbá Ọmọ! Ọmọ ti dákú! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ohùn kan jáde, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú tìmùtìmù. "Ẹ hún mi ní ìhẹ́jú han! Ọ̀họ̀ ń họ̀!" Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kà, kà, kà, ó ń sáré bí arọ tí ajá ń lé.

Obìnrin náà kò tún kan ilẹ̀kùn mọ́. Ó mú àlùmágàjí rẹ̀, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ àlàfo ilẹ̀kùn, ó fi gbé ìkọ́ sókè bí ìgbà tí ó ń tú ojú rírán tó wọ́. Ilẹ̀kùn là gbàgà.

Odidi adìẹ sísun kan wà lórí tábìlì, tó kàn jẹ́ pé kò pé mọ́. Búrẹ́dì Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó ku èèpo. Ẹyin sísè wà níbẹ̀, mílíìkì inú agolo wà níbẹ̀, ẹja inú agolo sì tò sábẹ́ tábìlì bí àwọn ọmọ ogun. Bí ogun bá sé ìlú mọ́, yàrá yẹn á bọ́ gbogbo àdúgbò, á tún ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń gbógun bọ̀. Jẹ-Díẹ̀ jókòó sáàárín rẹ̀. Ó ti ki ojú-ìwé àkọ́kọ́ *Ebi Dára* bọ ọrùn kí ọ̀rá má bàa kán sí i láṣọ. Ìka òsì rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Itan adìẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Jẹ-Díẹ̀ sáré rún èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwádìí ni," ni Jẹ-Díẹ̀ wí nígbà tí ó gbé díẹ̀ mì. "Òǹkọ̀wé oúnjẹ gbọ́dọ̀ tọ́ oúnjẹ wò kó tó lè sọ pé kò dára. Ẹ bi gbogbo ọ̀mọ̀wé!"

Ìyàwó rẹ̀ kò wò ó. Ó na ọwọ́ kọjá lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì tó ti ṣí, ó padà lọ kúnlẹ̀ láàárín àjákù, ó sì gbé e sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Díẹ̀díẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Ìyá Àgbà ti dìde. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ẹnu yàrá, ó wo ọmọ tó bí, ó wo adìẹ, ó tún wo ọmọ tó bí.

"Ṣé ó dùn?" ló bi í.

Jẹ-Díẹ̀ gbé itan adìẹ pamọ́ sẹ́yìn.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..." ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn ló mọ ẹni tó máa ru igbá délé.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí àlejò. "Ọ̀gá, ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ tì ńkọ́?"

Ọ̀gá yọ igi ìtayín lẹ́nu. Ó wá ibi tó máa fi í sí, kò rí, ó fi í sápò. Àjákù pupa kan ti lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀.

"A ò ní tì í," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ orúkọ ìwé yẹn."

Bí Jẹ-Díẹ̀ ṣe gbọ́ ìyẹn, ó mọ̀ pé ilé ti gbóná. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ni ó bá kọjú sí fèrèsé yàrá náà. Orí jáde, èjìká jáde, ikùn kọ̀. Ó há síbẹ̀ gbọnin-gbọnin, ara kan lóde, ara kan nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ní òun ń jẹ.

Lórí ilẹ̀ pálọ̀, ọmọ náà la ojú. Mílíìkì ti kùn ún ní ẹnu.

"Ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé o ti yó?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń jà lójú fèrèsé.

"Rárá, Màmi," ó wí. Ó tún gbé ohùn sókè, gbogbo àgbàlá sì gbọ́ ọ. "Mi ò tíì yó! Mi ò tíì yó rárá!"

Àfi pọ̀ọ̀! Ikùn bọ́ kúrò lójú fèrèsé, Jẹ-Díẹ̀ sì balẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi láàárín korobá.

"Jẹ-Díẹ̀!" ni aránbàtà kígbe. "Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń gbé yín lọ ni?"

Ìyẹn kò lè dáhùn, itan adìẹ ti di ẹnu rẹ̀ pa. Ó ki eré mọ́lẹ̀, *Ebi Dára* ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn rẹ̀, èèpo búrẹ́dì ń jábọ́ lápò rẹ̀, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sì tú dà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń béèrè ìyókù ìtànṣán tó ní òun máa ń fún wọn.